Mi ò ra pálọ̀

"Mọ́tò tó ń rìn ni mo rà, mi ò ra pálọ̀."

Ìyá kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó bá a jáde, nígbà tí ọmọ náà ní kó tún inú mọ́tò rẹ̀ ṣe, ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, lọ́sàn-án òní. Ilẹ̀ ti ṣú báyìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dún létí mi.

Òjò rọ̀ láàárọ̀, oòrùn ti fà á gbẹ kó tó di ọ̀sán. Iná ò sí. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.

Òótọ́ ló sọ, àbí? Tí ẹ́ńjìnnì bá ń mu ọ́ìlì, kí lèèyàn fẹ́ fi síìtì tó ń dán ṣe? Ṣùgbọ́n òórùn tó jáde nígbà tó ṣílẹ̀kùn… bí aṣọ tí wọ́n ká sínú ọ̀rá láìtíì gbẹ. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni irú òórùn bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Tí AC bá ń ṣiṣẹ́, omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kán sílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Tí ìdọ̀tí bá ti dí rọ́bà kékeré tó ń gbé omi ọ̀hún jáde, inú ló máa dà sí, níbi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ti dírẹ́bà. Ojú kápẹ́ẹ̀tì á gbẹ, fóòmù abẹ́ rẹ̀ á mu omi bí òwú. Kò sí lọ́fínńdà tó ka ìyẹn. Irin ilẹ̀ mọ́tò á máa dógùn-ún, ẹnu wáyà náà á máa jẹ. Ṣé pálọ̀ nìyẹn?

Ó wù mí kí n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú síìtì." Bóòtù mẹ́rin péré ni síìtì iwájú sábà máa ń ní, sípánà 14 ló sì ń ṣí i lára ọ̀pọ̀ Toyota. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ orí négétíìfù bátìrì, kí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú 10, nítorí wáyà airbag, àpò tó máa ń wú láti gbani nígbà ìjàǹbá, tó wà lábẹ́ síìtì. Tí ẹnikẹ́ni bá yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí wáyà yẹn ṣì wà ní yíyọ, iná airbag á tàn, ó sì lè má kú mọ́ àfi tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ pa á. Kí wọ́n yọ ìdọ̀tí inú rọ́bà omi yẹn kí wọ́n tó sá kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sá a láìyọ ìdọ̀tí inú rọ́bà, iṣẹ́ òfo ló ṣe.

Bóyá owó ni kò sí. Ó ṣeé ṣe. Mo ń bínú sí ẹni tí mi ò mọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ síìtì dírẹ́bà, níbi tí ìdí ti ń họ ọ́ nígbà wíwọlé, ti bó funfun. Ọ̀dà awọ lásán ló fẹ́, àmọ́ ọ̀rá ara èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò: ọṣẹ tí kò le, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí wọ́n fi sípírítì nù ún, kí wọ́n fi sáńpépà nọ́ńbà 600 ra ojú rẹ̀ díẹ̀. Òṣogbo ìlú aró la wà, ta ni kò mọ̀ pé aró kì í mú aṣọ ọlọ́ràá? Kí wọ́n kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ti ìṣáájú gbẹ kí wọ́n tó kun tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n bá kùn nípọn lẹ́ẹ̀kan á sán nígbà tí síìtì bá tẹ̀.

Mi ò ra pálọ̀… Aṣọ tó bo àjà mọ́tò náà ti já bọ́, wọ́n fi pín-ìn-nì há a. Fóòmù ẹ̀yìn rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú. Gọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n bá fi sórí lẹ́búlẹ́bú, lẹ́búlẹ́bú náà ló máa dì mú.

Ìyá náà sítáàtì mọ́tò, ó tan AC, ó sì yí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n fi ń retí ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n lọ, mo wo ibi tí mọ́tò dúró sí.

Ilẹ̀ gbẹ fúú.