Bàálù ogun àwòṣe: ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó ń fi hàn

Bàálù ogun kì í wọ aṣọ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun dé òpin. Spitfire, bàálù ajà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bá àwọn ará Jámánì jà lójú ọ̀run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1940 kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí Kérésìmesì ọdún yẹn fi dé: wọ́n ti kun ọ̀já kan yí i ká nítòsí ìrù, wọ́n sì ti yí àwọ̀ imú fáànù rẹ̀ (ṣóńṣó tó bo àárín fáànù iwájú) padà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé kí n tó wo iye owó àwòṣe kan, kí n tó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ọjọ́ tó ń fi hàn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Àwòṣe tó dára jẹ́ bàálù kan pàtó, ní ọjọ́ kan pàtó. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ń sọ oṣù Kẹjọ, tí àmì rẹ̀ ń sọ oṣù Kejìlá, bàálù tí kò sí láyé rí ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kúrò nílẹ̀. Ní ìwọ̀n 1/72, íǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 6. Ní 1/48, ó dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 4. Apá Spitfire, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, jẹ́ mítà 11.23. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15.6 ní 1/72, àti 23.4 ní 1/48. Lancaster, bàálù ajubọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì tí apá rẹ̀ jẹ́ mítà 31.09, máa ń gba sẹ̀ǹtímítà 43.2 ní 1/72, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ kó àwọn bàálù ajubọ́ǹbù jọ kò ní fẹ́ fi 1/48 dán an wò àfi tí àyè bá gbà á. Ẹ mú rúlà dání. Bí apá bá fi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta yàtọ̀ sí iye tó yẹ, ara rẹ̀ yòókù náà kò ní ṣàì yẹ̀.

Ìwọ̀n yìí kan náà ló ń tú àṣírí àwọn ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára bàálù, níbi tí irin kan ti pàdé èkejì. Ìlà tó fẹ̀ tó mìlímítà 0.3 lójú àwòṣe 1/72 dúró fún àlàfo tó ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ lára bàálù gidi. Àtàǹpàkò lè wọ irú ihò bẹ́ẹ̀! Kò sí bàálù tó lè jáde ní ilé-iṣẹ́ báyìí kó sì fò dáadáa. Àwòṣe tí ìlà rẹ̀ jinlẹ̀ tó sì fẹ̀ lè wuni nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ìlà tó tín-ín-rín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ni òótọ́.

Spitfire ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwòṣe tí kò tíì ṣe é. Kí oṣù Kẹfà ọdún 1940 tó dé, ìdajì abẹ́ rẹ̀ dúdú, ìdajì funfun: abẹ́ apá òsì ló dúdú, ti apá ọ̀tún ló funfun. Láti oṣù Kẹfà yẹn ni wọ́n ti ń kun gbogbo abẹ́ ní àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Sky, àwọ̀ ewé tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Òkè wà ní àwọ̀ erùpẹ̀ àti àwọ̀ ewé tó ṣú. Ìparí oṣù Kọkànlá 1940 ni ọ̀já Sky tó fẹ̀ tó íǹṣì 18 dé sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, tí imú fáànù náà sì di Sky. Ogun Battle of Britain, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kà á, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, bí páálí bá kọ Battle of Britain, tí ọ̀já Sky sì wà nídìí ìrù, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un. Oṣù Kẹjọ 1941 ni àwọ̀ erùpẹ̀ kúrò lára àwọn bàálù ajà-lọ́sàn-án, tí àwọ̀ eérú rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀dà nìkan kọ́. Ẹ dojú àwòṣe délẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀. Oríṣi Spitfire pọ̀, Mk àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: Mk I àti Mk V ní rédíétọ̀ ńlá kan lábẹ́ apá ọ̀tún, ohun kékeré tó ń mú ọ́ìlì tutù ló wà lábẹ́ ti òsì. Mk IX ní méjì tó dọ́gba, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Fáànù rẹ̀ ní ewé mẹ́rin, ihò èéfín mẹ́fà sì tò sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mk XIV, tó ń lo ẹ́ńjìnnì Griffon, ní ewé márùn-ún. Ibi Griffon yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lójú ẹni tó jókòó sí àyè awakọ̀, Merlin, ẹ́ńjìnnì Mk I, V àti IX, máa ń yí fáànù sí ọ̀tún. Griffon ń yí i sí òsì. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: ẹ di àwòṣe mú bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ yí fáànù títí ewé kan fi dúró gangan sókè. Bí ó bá jẹ́ Merlin, etí ọ̀tún ewé yẹn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kí etí òsì tẹ̀ sẹ́yìn sọ́dọ̀ yín. Bí ó bá jẹ́ Griffon, òdì kejì ni. Bí ó bá tẹ̀ sódì, fífa fáànù yọ kí ẹ sì yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn kò lè tún un ṣe. Láti inú mọ́ọ̀dì ni wọ́n ti yí i sódì, kò sí oògùn fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó mọ Spitfire kì í gbójú fò. Àwọn pákó abẹ́ apá tó ń wálẹ̀ nígbà tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀ ní ipò méjì péré lára rẹ̀: òkè tàbí ilẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé wọn sókè kí ó tó máa wọ́ bàálù lọ, torí òkúta lè bà wọ́n jẹ́. Spitfire tó dúró sí ibùdó pẹ̀lú pákó nílẹ̀ jẹ́ ohun tí ọ̀gá máa báni wí lé lórí. Ti P-51 Mustang, bàálù ajà ti Amẹ́ríkà, yàtọ̀ pátápátá: bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, agbára omi inú páìpù á máa dínkù, àwọn pákó yẹn àti ilẹ̀kùn inú tó ń bo ẹsẹ̀ á sì rọra wálẹ̀ fúnra wọn. Mustang tó ti dúró fún ìgbà díẹ̀, tí pákó rẹ̀ wà nílẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, ló fara jọ òótọ́.

Ní ti Mustang kan náà, ẹ ṣọ́ apá rẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ lè máa ṣàn lórí apá láìsí ìdíwọ́, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi pọ́tì dí àwọn orí ìṣó àti oríkèé irin níwájú apá, wọ́n fi páńpẹ́pà yún un, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà fàdákà. Irin tí wọn kò kun ọ̀dà sí ni ara rẹ̀ yòókù. Àwòṣe P-51D tí apá àti ara rẹ̀ ń dán bákan náà, tí orí ìṣó sì kún iwájú apá, kò bá òótọ́ mu, bó ti wù kó ṣe iyebíye tó. P-51D tó kọ́kọ́ jáde kò ní ìyẹ́ kékeré tó gun iwájú ìrù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi kún un, wọ́n sì fi sára ọ̀pọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìlà dúdú àti funfun ti ọdún 1944, tí wọ́n kùn fún ìkọlù Normandy, ló ń ta ọjà jù, òun náà ni mo ń fara balẹ̀ wò jù. Ìlà márùn-ún ni: funfun, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Lára bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan, íǹṣì 18 ni ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó di mìlímítà 6.35 ní 1/72 àti 9.5 ní 1/48. Ti ẹlẹ́ńjìnnì méjì jẹ́ íǹṣì 24, bíi mìlímítà 8.5 ní 1/72. Àwọn ajubọ́ǹbù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin kò sí nínú àṣẹ náà, torí náà B-17 tàbí Lancaster tó wọ ìlà yìí ń purọ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ọjọ́ ìkọlù náà, ni wọ́n kùn ún, búrọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ fi ṣe é pẹ̀lú ìkánjú. Etí ìlà tó ṣe wọ́gọwọ̀gọ kì í fi dandan jẹ́ àbùkù. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n ní kí wọ́n pa èyí tó wà lókè rẹ́, kó má bàa tú bàálù fó nílẹ̀. Bí àwòṣe bá sọ pé oṣù Kẹsàn-án 1944 lòun, tí ìlà yí gbogbo apá rẹ̀ ká, ẹ béèrè fọ́tò bàálù gidi.

Ìràwọ̀ tí wọ́n ń kùn sára bàálù Amẹ́ríkà náà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1942 ni àmì pupa àárín ìràwọ̀ kúrò. Ní ìparí oṣù Kẹfà 1943 ni ọ̀pá funfun méjì dé sí ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pẹ̀lú etí pupa. Láti oṣù Kẹjọ 1943 ni etí náà ti di búlúù. Ẹ sì má ka Bf 109, bàálù ajà ti Jámánì, tí ìrù rẹ̀ ṣófo sí àṣìṣe atẹ̀wé: òfin ìwà ọ̀daràn Jámánì, ìpín 86a, kò gba kí wọ́n máa ṣàfihàn àmì Nazi, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì máa ń yọ ọ́ kúrò tàbí kí wọ́n gé e sí méjì.

Ó wá ku ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwòṣe onírin jẹ́ síńkì tí wọ́n fi alumíníọ́mù bí ìdá 4 nínú 100 dà pọ̀. Bí òjé díẹ̀ bá kó sínú àdàlù yẹn, ọ̀rinrin á máa jẹ ẹ́ láti inú wá, irin á wú, á sán, á sì máa jẹrà bíi bísíkíìtì. Àrùn síńkì nìyẹn. Àwọn bàálù ìṣeré ti àwọn ọdún 1930 sí 1939 ló kún fún un, torí wọ́n máa ń da àwókù irin mìíràn sínú ìkòkò. Kò ní ìwòsàn; ibi tó tutù tó sì gbẹ lè dẹ́kun rẹ̀ díẹ̀. Kì í ràn, nítorí náà kò sí ìdí láti kó àwọn yòókù sá fún un. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí apá: ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti ìtàkùn aláǹtakùn, ọ̀dà tó wú bí ìléròrò, tàbí ṣóńṣó apá tó tẹ̀ ju èkejì lọ ni àmì rẹ̀. Ẹ má rà á.

Irin yìí wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Spitfire gidi tó kún fún epo àti ọta wọ̀n tó bíi tọ́ọ̀nù 2.8, tí a bá fi ìwọ̀n 1/72 dín in kù ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, giramu 7 àbọ̀ ló kù. Síńkì tí ẹ gbé lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ẹsẹ̀ ike tín-ín-rín ló sì ń gbé e. Bí ó bá dúró lórí ẹsẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ẹsẹ̀ á fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fara mọ́ kí wọ́n gbé àwọn tó wúwo sórí ọ̀pá ìdúró, tàbí kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ gbé ikùn wọn díẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ kò bá wọ ihò rẹ̀, ọ̀dà tó dí ihò ló sábà máa ń fà á. Ẹ má fipá tì í, apá lẹ ó ṣẹ́. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò lára ìtì ike náà, bí ìpele bébà kan, kí ẹ tún dán an wò. Eríálì ike tó tẹ̀ ní láti wọ inú omi gbígbóná tí kò hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20, kí ẹ nà á, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bọ omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí nǹkan bá já nítòsí gíláàsì awakọ̀, súpà gúlúù kọ́ ni ẹ óò lò: èéfín rẹ̀ máa ń mú gíláàsì funfun bíi kùrukùru. Gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ló yẹ ibẹ̀, ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ sì tó.

Ní ti ìpamọ́, ọ̀tá àkọ́kọ́ ni fóòmù inú páálí. Ó máa ń gbó, á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, á sì ṣí i kúrò. Ẹ fi bébà tí kò ní ásíìdì sí àárín wọn. Táyà rírọ̀ tó bá kan ike líle fún ìgbà pípẹ́ máa ń yọ́ ọ. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi igi oak ṣe ń tú ásíìdì jáde, òjé ló sì ń bà jẹ́ jù. Irin tí wọ́n kun ọ̀dà sí tàbí gíláàsì ló dára. Oòrùn tààrà ń pa àwọ̀ pupa, ó sì ń sọ ike funfun di pupa-rúsúrúsú. Búrọ́ọ̀ṣì ìpara rírọ̀ ni ẹ fi gbá eruku, láti imú lọ sí ìrù, kí irun rẹ̀ má bàa kọ́ eríálì. Ẹ má fọwọ́ kan ọtí tàbí omi ìfọ-fèrèsé: ọtí ń yọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dà, ammonia inú omi ìfọ-fèrèsé sì ń ṣí fáníìṣì. Ìbọ̀wọ́ òwú náà kò dára tó bí wọ́n ṣe ń sọ, torí òwú rẹ̀ ń kọ́ ẹnu ìbọn. Èyí tó ṣe pẹlẹbẹ bíi ti àwọn dókítà ló tọ́. Ní àárín, níbi tí apá ti so mọ́ ara, ni ẹ ti gbé e, kì í ṣe ní ìrù.