Sadíìnì alẹ́ àti àyà tó ń ta mí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí àyà bá ń ta lóru nínú yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Àlékúwodò níbí l'Óṣogbo, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí tí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, aṣọ ẹbí á kún ilẹ̀, oníbàárà á máa pè ṣáá, a kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí aago mẹ́wàá alẹ́. Ta ló fẹ́ dáná nígbà yẹn? Sadíìnì ni mo máa ń rà lọ́wọ́ màmá oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ wa, màá da gbogbo agolo ẹ̀ sínú búrẹ́dì tòun ti òróró, torí mo gbà pé inú òróró yẹn ladùn wà, màá fi ẹlẹ́rìndòdò tutù tì í lẹ́yìn, ó di orí bẹ́ẹ̀dì.

Kì í ju wákàtí kan lọ, oókan àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi, omi kíkan á gùn wá sọ́nà ọ̀fun, màá ta jí, màá máa wúkọ́. Gbogbo èèyàn ló ní ulcer ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n máa mu omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò tíì pọ́n, wọ́n fún mi lóògùn olómi funfun ní kẹ́míìsì, á rọ̀ mí díẹ̀, á tún padà. Mo wá ní ó dáa, sadíìnì ni ò bá mi lára mu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja agolo onítòmátò. Háà! Ìyẹn burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó bi mí pé kí ni mo ń jẹ, ìgbà wo ni mo ń jẹ ẹ́, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí n tó sùn. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí ní ti ìkẹyìn yẹn rí. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn tó yẹ kó máa pa dé tóúnjẹ bá ti wọlé tán, tí ò bá pa dé dáadáa, áásìdì tó ń jẹ́ kóúnjẹ dà á ráàyè gòkè. Òróró púpọ̀ máa ń dẹ ẹnu ọ̀nà yẹn, ó sì máa ń jẹ́ kóúnjẹ pẹ́ níkùn, tòmátò fúnra ẹ̀ kan, ata á tún lọ ta ibi tó ti bó, tèèyàn bá wá fi ikùn kíkún dùbúlẹ̀, kí ló fẹ́ dá omi yẹn dúró?

Mi ò pa ẹja agolo tì o, eegun rírọ̀ inú sadíìnì yẹn ní calcium. Ọ̀sán ni mò ń jẹ ẹ́ báyìí, ìdajì agolo, màá ro òróró ẹ̀ dànù, màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, màá fi jẹ iṣu sísè. Tí mo bá rí èyí tó wà nínú omi, ìyẹn ni mo máa ń mú. Ẹ máa ka ara agolo, àwọn kan ní ata nínú.

Oúnjẹ alẹ́ ò gbọdọ̀ kọjá aago méje, kó tó wákàtí mẹ́ta kí n tó sùn, àwọn ọmọṣẹ́ mi gan-an ló ń rán mi létí. Mo fi búlọ́ọ̀kù gbé ibi orí bẹ́ẹ̀dì sókè, mo fi tépù wọ̀n ọ́n, ínǹsì mẹ́fà, torí pílò tí mo ń tò jọ tẹ́lẹ̀ ń ká ikùn mi kò ni. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo fi ń sùn. Mi ò sì kì í di ìró le mọ́nú mọ́ tí mo bá jẹun tán.

Àmọ́ tóúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, tẹ́ ẹ bá ń rù láìnídìí, tẹ́ ẹ bá bì tó ní ẹ̀jẹ̀, tàbí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ lọ sọ́sípítù. Tí àyà bá sì ń fún yín mọ́ra, tó ń ro yín dé apá tàbí párì, tí òógùn ń bò yín, ẹ má pè é ní sadíìnì o, ọkàn lè ni, ẹ jí ará ilé kí wọ́n gbé yín lọ lóru yẹn náà.