Ọmọ Obòkun lọ bu omi òkun

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún yín. Ọmọ Iléṣà pọ́ńbélé ni mí, mo ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, tí wọ́n bá sì ti ń kì mí níbi ìnáwó, ọmọ Owá, ọmọ ẹkùn, ọmọ Obòkun, orí mi á wú, ọwọ́ mi á ti wọ báàgì, onílù ò ní lọ lófo. Àmọ́ òkun tí wọ́n ní bàbá ńlá wa lọ bù yẹn, mi ò fojú kàn án rí láyé mi. Èkó tí mò ń lọ, ọjà ló ń gbé mi lọ, mi ò kì í kọjá Ìdúmọ̀tà, mo rajà tán mo wọkọ̀ ó di ilé. Omi tí mo máa ń rí látorí Third Mainland, tí mo fi ń purọ́ fáwọn ọmọ mi pé mo ti rí òkun, ọ̀sà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò bá mọ ìtàn ọ̀hún, kò gùn. Ojú Odùduwà ló ń ṣú, wọ́n dá Ifá, Ifá ní àfi omi òkun. Àwọn ọmọ tó kù ní ó jìn, ó léwu, Ajíbógun tó jẹ́ àbúrò ló ní òun á lọ. Ó lọ, ó pẹ́ débi pé wọ́n ti ní ó ti kú, wọ́n ti pín ogún tán kó tó gbé omi dé. Bàbá ríran, kò wá sí nǹkan gidi tó kù láti fún un, ó fún un ní idà. Ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ọba wa ní Ọwá Obòkun, ẹni tó bu òkun. (Ẹ wo nǹkan o, ẹni tó ṣiṣẹ́ ni ò sí nílé nígbà tí wọ́n ń pín nǹkan. Ìdílé wa ò tíì yí padà.)

Ojú náà ló wá dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi. Màmá mi, ojú ọ̀tún wọn ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún tó kọjá, dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kátárákítì ni, wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan a jókòó ní pálọ̀, iná ti lọ, wọ́n kàn dédé ní, "Ìwọ tí wọ́n ń pè ní ọmọ Obòkun káàkiri yìí, o ò lọ bá mi bu omi òkun wá." Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àmọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, òun ló ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Atakúnmọ́sà, ó ní, "Ọkọ mi, mò ń lọ sí Igbókòdá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kúkú tẹ̀ lé mi, tá a bá rajà tán ká gba ọkọ̀ omi dé Ayétòrò, òkun wà lẹ́nu ọ̀nà wọn níbẹ̀." Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú.

Ọ̀nà mọ́tò, ẹ jẹ́ n fò ó. Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Òkìtìpupa, ìdí mi ló mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Owá ti ń múná roko, èmi náà ti di mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́wàá àti fíláàsì omi gbígbóná kí n má lọ máa bá ẹnikẹ́ni ná ọjà oúnjẹ lójú ọ̀nà. A sùn sí Igbókòdá.

Aago mẹ́fà àbọ̀ la ti wà ní èbúté. Ìyàwó wa ní tí oòrùn bá ti ga, atẹ́gùn òkun á dìde, ìgbì á sì máa ju ọkọ̀, torí náà àárọ̀ kùtù lẹni tó gbọ́n ń lọ. Ọkọ̀ fáíbà ni, ẹ́ńjìnnì Yamaha wà nídìí ẹ̀, dẹ́rẹ́bà wa ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Mo dúró tì í mo ń wo bó ṣe ń po fúẹ́ẹ̀lì. Mo rò pé ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni o, torí mo rí i tó ń da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì fúẹ́ẹ̀lì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ́ńjìnnì yìí ò ní ibi tó ń tọ́jú ọ́ìlì sí bíi ti mọ́tò yín, inú fúẹ́ẹ̀lì ló ti ń mu ún. Àádọ́ta líítà fúẹ́ẹ̀lì, líítà ọ́ìlì kan. Tó bá kéré á gan, tó bá pọ̀ jù á máa rú èéfín." Ó dé kẹ́ẹ̀gì náà, ó gbé e ságbede ẹsẹ̀, ó ń mì í síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Kò pẹ́ tó balẹ̀ náà ni wọ́n gbé làífù jákẹ́ẹ̀tì fún mi, ìdè iwájú ẹ̀ ti já, wọ́n fi okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ dí i. Mo ní mi ò wọ̀ ọ́. Alábòójútó tó wà níbẹ̀ ní, "Mọ́mì, kò sóhun tó máa ṣe yín lágbára Ọlọ́run." Mo ní Ọlọ́run ló ní kí n bèèrè òmíràn. Mo dúró sórí pákó yẹn, mi ò gun ọkọ̀, àwọn èrò ń kùn pé mò ń fi àkókò wọn ṣòfò, títí wọ́n fi lọ gbé èyí tó dáa jáde láti inú yàrá kan báyìí. Ó wà nílé tẹ́lẹ̀ o! Wọ́n kàn ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ, ẹ má tijú, ẹ bèèrè.

A gbéra. Omi ibẹ̀ dúdú bí àgbo tó ti jinná dáadáa, igbó ọ̀pẹ ráfíà wà lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn tútù. Mo ti ń gbádùn ara mi, mo ti ń ká fídíò, ni ẹ́ńjìnnì bá ké kìììn, ó kú. Ewé ni. Ewé kan tó ń léfòó, ó ní òdòdó elésè àlùkò tó rẹwà gan-an, ó bo ojú omi bíi pápá ìseré, ẹ lè rò pé ẹ lè rìn lórí ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1984 ló gba ọ̀nà Bàdágìrì wọlé sí wa, kò sì padà sílé mọ́. Dẹ́rẹ́bà gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi, gbòǹgbò ti wé fáànù ẹ̀ bí irun tó wé mọ́ òòyà, ó yọ ọ̀bẹ ìdáná, ó ń gé e, ó ń fà á, ó ń bú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní tá a bá ti sún mọ́ òkun a ò ní rí i mọ́, torí omi iyọ̀ ló ń pa á, lóòótọ́ bá a ṣe ń lọ ló ń tán.

Ọmọ Ùgbò nílẹ̀ Ìlàjẹ ni dẹ́rẹ́bà yìí, ó sì lẹ́nu. Nígbà tó gbọ́ pé Iléṣà la ti wá, ó ní ìbátan ni wá, pé Ilé-Ifẹ̀ làwọn náà ti wá, pé àwọn baba ńlá àwọn ni Ìgbò tí Mọrèmí lọ tú àṣírí wọn. Mo ní àwọn tó ń wé koríko mọ́ra wá kó ẹrú yẹn? Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìlú wa là ń jà fún." Mo panu mọ́. Kì í ṣe orí omi lèèyàn ti ń bá dẹ́rẹ́bà jiyàn. Òun náà ló rán mi létí Máhìn, nǹkan tí mo ti kà rí tí mo ti gbàgbé, pé lọ́dún 1885 àwọn Jámánì wá bá Amapetu, ọba Máhìn, tọwọ́ bọ̀wé lórí etíkun yẹn, kí ọdún ọ̀hún tó parí wọ́n ti gbé e lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù ká máa sọ Jámánì ní Igbókòdá.

Ùgbònlà la kọ́kọ́ dúró sí. Ilé orí òpó igi, afárá pákó láti ilé dé ilé, ọkọ̀ kékeré ni ọ̀kadà wọn, mo rí ọmọdébìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ó dá nìkan ń wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ síléèwé, báàgì wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀, kò tilẹ̀ wo wa. Omi yí wọn ká, síbẹ̀ píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń rà mu. Ìyàwó wa bẹ̀rẹ̀ sí í nájà, edé, ṣáwá gbígbẹ, ó wá nawọ́ sí ẹja kan tó sanra, ó ní èló ni ọ̀bọ̀kún. Mo yíjú pẹ̀lú ìbínú, mo rò pé èmi ló ń bú. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ ọ̀bọ̀kún nínú ilé wa, mi ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti jẹ púpurú. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á fún omi ẹ̀ dànù, wọ́n á ṣù ú rogodo bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á yan án lórí iná títí ẹ̀yìn ẹ̀ á fi dúdú, wọ́n á wá ha dúdú yẹn kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, kó tó di pé wọ́n rò ó. Iṣẹ́ ńlá. Wọ́n fi ọbẹ̀ marúgbó àti ẹja tútù gbé e fún mi. Òórùn èéfín wà lára ẹ̀, ó sì rọ̀ dáadáa, ọbẹ̀ yẹn ni mo máa padà lọ torí ẹ̀. Àmọ́ ẹ má bi mí bóyá ó dà bí iyán. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò lè parọ́.

Láti Ùgbònlà ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Omi yí àwọ̀ padà, ó di bíi tíì oníwàrà, afẹ́fẹ́ ń ta iyọ̀ sí mi létè. Kí n tó rí òkun mo ti gbọ́ ọ, mo rò pé tírélà ni, mo ń wá ọ̀nà mọ́tò.

Ayétòrò. Ẹ̀yin àgbà lẹ máa mọ orúkọ yìí. Ọdún 1947 làwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà yẹn wọn kì í náwó láàárín ara wọn, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ní iná mànàmáná tiwọn, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń kan ọkọ̀ omi, àwọn òyìnbó ń wá wò wọ́n láti òkèèrè. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Èyí tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀. Ẹrẹ̀ ni etíkun ọ̀hún, kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó, ilẹ̀ ò sì ga ju omi lọ, òkun sì ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún pípẹ́. Òpó iná kan dúró láàárín òkun gan-an, wáyà ṣì wà lórí ẹ̀. Ìdí ilé wà nísàlẹ̀ omi, ìgbì ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà ó ń gba fèrèsé jáde.

Mo yọ ike líítà kan àbọ̀ mi, mo ká yẹ̀rì mi sókè, mo lọ. Àkọ́kọ́ tí mo bù, ẹrẹ̀ ni, dúdú. Mo dà á nù, mo wọ inú sí i. Ìgbì kejì gbá mi lórúnkún, mo jókòó bàmù sínú omi, ó gba bàtà ẹsẹ̀ òsì mi lọ, mò ń wò ó bó ṣe ń lọ, ó yípo lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ. Ìyàwó wa ń pariwo "Ọkọ mi o! Ọkọ mi o!" lókè, ó sì ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ.

Bàbá arúgbó kan ló wá dì mí lápá mú. Ó ní, "Ìyá mi, wọn kì í bù ú níwájú. Ẹ jẹ́ kó wá, ẹ jẹ́ kó yípadà, ẹ bù ú lẹ́yìn." Ó gba ike lọ́wọ́ mi, ó dúró, ó ń wo omi bí ẹni tó ń wo ọ̀tá, ìgbì mẹ́ta kọjá, ó tẹ̀ síwájú ó ri ike náà bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kún, ó mọ́. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo sọ ìtàn Ajíbógun fún un, àti ti ojú màmá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Ẹ̀yin wá bù ú," ó ní, "òun ló ń wá bù wá níbí."

Ó wá nàka. "Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun yẹn, ẹ rí i? Pálọ̀ mi nìyẹn." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kó ilé sẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kó lọ sí Igbókòdá pátápátá. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé, ó ní apẹja ni òun. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo fún un ní mọ́ínmọ́ín méjì tó kù.

A padà lọ́sàn-án, bí wọ́n ṣe sọ náà ló rí, atẹ́gùn ti dìde, ọkọ̀ ń gbá omi pàá pàá, mo di ike mọ́ àyà, mo rẹ dé inú egungun, ẹsẹ̀ kan bàtà ẹsẹ̀ kan lásán ni mo fi wọ mọ́tò ní Igbókòdá.

Màmá mi ní kí n da díẹ̀ sínú abọ́ funfun. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi kan ojú o, dókítà ló máa ṣe ojú. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ fi bọ́jú?" Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n lá a, wọ́n fajú ro. Iyọ̀ inú omi òkun tó gíráàmù 35 nínú líítà kan, iyọ̀ inú ike mi yẹn á se ọbẹ̀ dé ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n lá a lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Èló lo ná?"

Mo ṣírò ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ omi, ibi tá a sùn, bàtà. Mo ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

"Bàbá bàbá ẹ," wọ́n ní, "ló òṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí ṣílè méjì. Ìwọ lọ ná ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́rin sórí omi iyọ̀."

Mo ní kí n kúkú dà á nù. Wọ́n ní kí n dé ike náà dáadáa, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì àwọn.