Sípíà fún bàálù tí kò ní fò

Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti lo ìdajì ọ̀sán òní. Ìyá Dámọ́lá jáde láti ilé ìdáná, ó bá mi níbi tí mo ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, iná fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Bàbá Dámọ́lá, ṣé ẹ ò tíì parí àdúrà tí ẹ bá bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má gbẹ́sẹ̀ síwájú. Bẹ́líìtì ni mò ń wá. Bẹ́líìtì ọ̀hún kò gùn ju hóró ìrẹsì kan lọ, idẹ ni, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé bí ènìyàn bá mí lé e, á ṣí nípò. Mo ti fi ẹ̀mú kékeré mú un, mo ń gbé e lọ sórí ìjókòó, mo kàn fún ẹ̀mú náà ju bó ṣe yẹ lọ. Tín! Ó di àwátì. Kápẹ́ẹ̀tì ilé wa ti gba irú ẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí, kò sì dá ẹyọ kan padà rí.

Bàálù ike kékeré tí mò ń tò ni Spitfire Mk XII, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, páálí ti Airfix, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú bàálù ike bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n 1:48. Ìyẹn ni pé bí a bá to 48 irú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á gùn tó bàálù gidi kan. Láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì kò ju sẹ̀ńtímítà 21 lọ. Ohun tó wà nínú páálí tó o láti tò ó parí, ẹni tó bá sì ní sùúrù lè fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é. Àmọ́ èmi a máa ra sípíà. Ẹ ti rí àwọn tó ń wa Corolla tí kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é, síbẹ̀ tí wọ́n á gbé e lọ sí Ládípọ̀ láti lọ wá ríìmù tó ń dán àti iná tí kò bá a jáde nílé iṣẹ́. Irú wọn ni mí. Mo ra páálí bàálù ní £27. Sípíà tí mo rà sí i jẹ́ £41. Ẹni tó bá pàdé ìyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ owó.

Oríṣi méjì ni sípíà yìí. Èkíní ni idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní photo-etch. Ilé iṣẹ́ Eduard ní orílẹ̀-èdè Czech, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ló ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá aláró nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ rí, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àfi kó má mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò lára aṣọ, aró kì í wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn. Wọ́n á fi nǹkan kan tó ń gbọ́ràn sí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu bo idẹ, wọ́n á gbé àwòrán lé e, wọ́n á tan iná sí i, wọ́n á fọ ibi tí wọn ò fẹ́ kí ó bò kúrò, wọ́n á wá rì í sínú kẹ́míkà tó ń jẹ idẹ. Ibi tó wà níhòòhò, kẹ́míkà á jẹ ẹ́ já. Ohun tó bá kù ni bẹ́líìtì, dáṣíbọ́ọ̀dù, irin tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, títí kan irin bíńtín tó ń há bẹ́líìtì mọ́ra. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ ká ti ká a, wọ́n á jẹ́ kí kẹ́míkà jẹ ẹ́ dé ìdajì péré. Ọgbọ́n gidi ni. Bí idẹ náà bá ń le koko jù, ẹ rà á lórí iná àbẹ́là díẹ̀, á rọ̀, á sì tẹ̀ bí aṣọ.

Èkejì ni résìn. Èyí ò ní òórùn idẹ, ó sì ní àrékérekè tirẹ̀. Wọ́n ń da á ní ṣíṣàn sínú mọ́ọ̀lù sílíkónì ni, á sì dì níbẹ̀. Nítorí pé mọ́ọ̀lù náà rọ̀, wọ́n lè bó o kúrò lára ohun tó ní kọ́lọ́fín àti ihò. Mọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń tẹ ike kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sàlẹ́ńsà résìn fi ní ihò lẹ́nu bíi ti gidi, méjìlá, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló máa ń bá kùkùté wá, ibi tí wọ́n ti da résìn wọlé, ẹni tó rà á ni yóò sì fi ayùn gé e. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ìbòmú ni mò ń lò, mo sì máa ń rẹ sáńdípépà sínú omi kí ìyẹ̀fun má baà fò. Gúlù tó ń mú ike kì í mú un, súpágúlù ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe àṣìṣe ńlá. Ẹni kan tó ń da résìn nínú gáráàjì ilé rẹ̀ ni mo ra ògiri kọ́kípíìtì, ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, lọ́wọ́ ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wù mí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ gbé e sínú ikùn bàálù láìfi gúlù sí i, kí n wò ó bóyá á gbà á. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kùn ún, mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ìgbà tí mo wá fẹ́ pa ikùn dé, ẹnu kò pàdé. Ògiri ti nípọn jù. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí n fi abẹ ha ike láti inú. Mo ń ha á, mo ń gbé e sókè síná. Ó kọ́kọ́ dà bí èèpo ẹyin, ó wá dà bí awọ àlùbọ́sà, mo ní kí n tún ha á lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Abẹ yọ sí mi níta. Ihò náà wà lápá òsì, nítòsí ìdí apá. Mo ti dí i, mo ti fi ọ̀dà bò ó, ṣùgbọ́n ojú mi kì í wo ibòmíràn mọ́.

Ìdí tí mi ò fi jù ú nù ni orúkọ rẹ̀. Mk XII yìí, 100 péré ni wọ́n ṣe, ẹgbẹ́ awakọ̀ méjì péré ló sì lò ó lójú ogun: No. 41, àti No. 91 (Nigeria) Squadron. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ wa. Nígbà ogun Hítílà, ibi tí owó bá ti wá láti ra bàálù ni wọ́n máa ń fi sọ àwọn ẹgbẹ́ kan lórúkọ. £5,000 ni wọ́n ní Spitfire kan jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ta ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé tọ́rọ́ tọ́rọ́ ni wọ́n fi dáwó ogun ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, pé ẹni tí kò bá mú tọ́rọ́ wá, ojú á tì í. Hawkinge ní Kent, nítòsí òkun, ni No. 91 ti ń fò fún ìgbà pípẹ́. Mo ti dé ibẹ̀, apá kan lára pápá bàálù ìgbà yẹn ti di mùsíọ́mù.

Dámọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá dúró tì mí nídìí iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó ní, "Dádì, ṣé ọmọ Nàìjíríà ló ń wà á?" Mo ní rárá o, àwọn tí orúkọ wọn hàn jù nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà, Òyìnbó ni wọ́n, kódà ọmọ ilẹ̀ Faransé, Jean Demozay, ni ọ̀gá wọn ní 1942. Ó ronú díẹ̀. "Ṣé wọ́n jẹ́ kí dádì Grandpa jókòó nínú ẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Èwo ni ti ìjókòó? Owó ló kúrò ní Ọ̀yọ́, ẹni tó dá a kò rí bàálù sójú.

Bóyá ìdí tí mo fi jókòó ti ìjókòó yẹn láti àárọ̀ nìyẹn. Ẹyọ résìn kan ni, kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Èyí tó pọ̀ nínú ìjókòó Spitfire gidi, bébà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, bébà tí wọ́n fi résìn lẹ̀ pọ̀ tó fi le bí pákó, àwọ̀ rẹ̀ sì pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìkòkò amọ̀ tí wọ́n sun. Ẹ wo nǹkan! Résìn ni tiwọn, résìn ni tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo po ọ̀dà kí n tó rí àwọ̀ yẹn mú. Bẹ́líìtì tó sọnù ńkọ́? Mo ṣí agolo Milo tuntun, mo gé fọ́ìlì ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, mo kùn ún ní àwọ̀ aṣọ tó ti gbó, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká ìjókòó lápá òsì.

Aago mẹ́jọ ni mo pa ikùn bàálù dé. Dáṣíbọ́ọ̀dù wọnú òkùnkùn, irin tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọnú òkùnkùn, £41 wọnú òkùnkùn. Orí ìjókòó ló ṣẹ́kù tó hàn, àti bẹ́líìtì méjì, idẹ lọ́tùn-ún, Milo lósì. Mo fi téèpù so ó káàkiri, mo ní kí Dámọ́lá wá fi iná fóònù wò ó, kó sọ èyí tó jẹ́ ti Milo fún mi.

Ó wò ó títí. Ó fi ìka kan ti ọ̀tún.