Tówà jẹ́ ti kàúntì, nẹ́tíwọ̀kì jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ta wá ló ń ra gáàsì?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Tí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe ní Minnesota, wọ́n á rò pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí. Rárá o, rédíò ọlọ́pàá, panápaná àti ańbúláǹsì ni mò ń tọ́jú fún kàúntì kan níbí. Kàúntì yẹn, ẹ mú un bíi lókà gọ́fúmẹ́ǹtì tiwa, owó kàn wà lọ́wọ́ tiwọn díẹ̀ ni.

Ìpínlẹ̀ yìí ní nẹ́tíwọ̀kì kan tí wọ́n ń pè ní ARMER, wọ́n kọ́ ọ kó lè kárí gbogbo kàúntì 87 tó wà níbí kí ọlọ́pàá ìlú kan lè bá panápaná ìlú kejì sọ̀rọ̀ láìpààrọ̀ rédíò. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀nà, MnDOT, ló ń bójú tó egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ àti líǹkì tó so gbogbo ẹ̀ pọ̀, àwọn ló sì ni ọ̀pọ̀ tówà. Àmọ́ àwọn tówà kan wà tó jẹ́ kàúntì ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, torí pé ibì kan wà tí wọ́kì-tọ́kì ò ti mú dáadáa, wọ́n wá so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì rédíò ò lè mọ̀yàtọ̀. Èmi tí mò ń tún un ṣe pàápàá, tí mo dé ibi iṣẹ́ tí mo rí orúkọ ìpínlẹ̀ lára gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ilé ẹ̀rọ ìdí tówà, mo kàn gbà lọ́kàn ara mi pé tiwọn ni gbogbo ẹ̀.

Oṣù kìíní, ọdún kẹta mi níbẹ̀, òtútù yẹn ti wọ -33°C, iná lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ NEPA, ẹ ò ní pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tan fúnra ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó kú. Bátìrì gbà á, ṣùgbọ́n bátìrì náà ti dàgbà, ìdájí ò tíì mọ́ tó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi máa wakọ̀ dé ẹnu géètì sínóò ti bo ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ rìn wọlé, mo wo géèjì táǹkì gáàsì, ó ku díẹ̀ kó fọwọ́ ba òdo. Gáàsì propane, tó bá ti kéré nínú táǹkì tí òtútù sì mú un tó bẹ́ẹ̀, agbára tó fi ń jáde kì í tó nǹkan mọ́. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ yẹn máa ń tan ara ẹ̀ wò, ó ti mu gáàsì yẹn díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún méjì, kò sẹ́ni tó rà á sí i.

Ní òru yẹn àwọn ańbúláǹsì wà lẹ́bàá adágún kan lọ́dọ̀ aláìsàn, wọ́kì-tọ́kì ọwọ́ wọn kì í ju wáàtì 3 lọ, kò lè dé tówà kejì, ẹnì kan ní láti máa sáré padà sínú ọkọ̀ torí rédíò inú ọkọ̀ ní wáàtì 35. Aláìsàn yẹn yè o, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, àmọ́ mi ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti ń múra láti bá àwọn ará ìpínlẹ̀ jà. Ọ̀gá mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé àdéhùn jáde látinú fáìlì. Ojú ìwé kọkànlá: ẹ̀rọ rédíò, ti ìpínlẹ̀. Ilẹ̀, irin tówà, ilé ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀ àti gáàsì, ti kàúntì. Èmi nìyẹn. Bíi ilé face-me-I-face-you tí mo dàgbà sí ní Mushin, gúlóòbù kọ́rídọ̀ máa ń kú fún oṣù mẹ́fà torí gbogbo ayálégbé rò pé lańlọ́ọ̀dù ló ń rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọ irú iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àdéhùn yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ wò ó bóyá ó sọ ẹni tó ń kó sínóò, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó ń gòkè tí yìnyín bá já lu díìṣì líǹkì tó so tówà mọ́ nẹ́tíwọ̀kì. Iná pupa orí tówà náà ńkọ́? Tówà tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ, tí iná orí ẹ̀ bá kú tẹ́ ẹ ò sì tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú 30, kíákíá lẹ gbọ́dọ̀ pe FAA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, nítorí bàálù, ẹni tó ni irin yẹn ni wọ́n sì máa bi, wọn ò ní bi nẹ́tíwọ̀kì.

Ẹ tún kọ́ àwọn ọlọ́pàá yín ní ọ̀rọ̀ site trunking. Tí líǹkì bá já, tówà ò kú, àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ ṣì ń gbọ́ ara wọn, àmọ́ wọn ò gbọ́ ẹlòmíì mọ́, ẹni tí kò bá wo ojú rédíò ẹ̀ á máa pariwo pé wọn ò dá òun lóhùn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà bi mí pé kí ló dé tí mo fi pẹ́ńtì kọ nọ́ńbà fóònù mi gàdàgbà sára táǹkì. Mo ní kó lọ ka ojú ìwé kọkànlá kó tó padà wá.