Ọjọ́rú, ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025: Èlé dínkù, fóònù mi kò sinmi

Kí n tó jáde nílé láàárọ̀ yìí, ènìyàn mẹ́fà ti pè mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ. Lánàá ni Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn ti dín òṣùwọ̀n èlé, èyí tí èlé yòókù nílùú máa ń tẹ̀lé, kù láti ìdá 27.5 sí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dín in kù láti ọdún 2020. Ààbọ̀ ìdá kan péré ni, kò sì sí ohun tó wó láàárín alẹ́ àná sí òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì mi ní Dùgbẹ̀, níbi tí mo ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lórí owó wọn. Wọn kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi yọ ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé kan jáde nínú báàgì wọn, níbi tí wọ́n ti fi bírò pupa fa ilà méjì sábẹ́ iye owó kan. Treasury bill wọn, ìyẹn owó tí wọ́n yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè rí èlé lórí rẹ̀, yóò pé lóṣù tó ń bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, nǹkan bí ìdá 20 ni wọ́n rí i rà, ṣùgbọ́n èyí tí wọn yóò rí báyìí kò tó ìdá 18 mọ́.

“Ìyá Ayọ̀mídé, wo iye tí mo gbà, kí o sì wo iye tí wọ́n fẹ́ fún mi báyìí. Ṣé kò sàn kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ ra ṣíà báǹkì? Wọ́n ní ó ń lọ sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kò mọ̀ pé ọjà ìpín ìdókòwò ti kó dé ṣọ́ọ̀ṣì.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo sì gba bírò náà lọ́wọ́ wọn, mo ṣe ìṣirò sínú ìwé wọn lójú wọn. Iwájú ni a ti máa ń yọ èlé treasury bill. Bó bá jẹ́ ìdá 17 ni ìjọba fẹ́ san lórí ti ọjọ́ 364, ẹni tó bá fẹ́ gba mílíọ̀nù kan náírà nígbà tó bá pé yóò san N830,466 lónìí, N169,534 tó ṣẹ́kù ni èrè rẹ̀. Nítorí pé kì í ṣe mílíọ̀nù kan ló jáde lápò rẹ̀, bí a bá fi èrè náà wé owó tó san gan-an, ó lé díẹ̀ ní ìdá 20. Ọ̀wọ́n gógó ọjà lóṣù Kẹjọ sì jẹ́ ìdá 20.12, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò náà ṣe sọ. Nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí, tí inú Màmá ń dùn sí èlé wọn, ìdá 34.8 ni ọ̀wọ́n ọjà náà wà. (Wọ́n ti yí ọ̀nà ìṣirò náà padà lóṣù Kìíní, nítorí náà n kò lè fi nọ́ńbà méjèèjì wéra bí ìgbà tí ènìyàn ń wọn gàárì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra tòmátì mọ ìyàtọ̀.) Owó tí Màmá rò pé ó ń bí lọ́dún tó kọjá, ó ń rù ni. Wọ́n wo ìwé náà títí, wọ́n ní, “Háà, èmi tí mo kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ọdún márùndínlógójì!”

Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n ní ìbéèrè tó jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn rò pé àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá gbà lọ́dọ̀ mi: kí lẹ fẹ́ fi owó yìí ṣe, ìgbà wo lẹ sì máa nílò rẹ̀? Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ páànù orí ilé wọn kí òjò tó padà dé. Wọ́n fẹ́ san owó iléèwé ọmọ ọmọ wọn lóṣù Kìíní. Ìyókù, wọn kò ní fọwọ́ kàn án fún ọdún márùn-ún. Owó páànù àti owó iléèwé kò gbọ́dọ̀ fojú kan ọjà ṣíà rárá. Nínú ìyókù, a lè mú díẹ̀ ra ṣíà, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kì í ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kò yà mí lẹ́nu pé ṣíà báǹkì ni wọ́n ń sọ. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé báǹkì tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ tó tó bílíọ̀nù 500 náírà kí oṣù Kẹta ọdún 2026 tó parí, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń ta ṣíà tuntun. A ti rí irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2004, Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, báǹkì 89 sì di 25 nígbà tí ọdún 2005 fi parí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣíà gba ìlú kan, tí àwọn ènìyàn ń tò sórí ìlà láti gba fọ́ọ̀mù.

Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì àwọn alágbàtà ṣíà kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ ra ṣíà ju owó ọwọ́ wọn lọ, ọ̀gá mi sì ní kí wọ́n yá owó ní báǹkì, kí ṣíà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìdógò. Èmi ni mo gbé ìwé náà lọ bá wọn nílé, èmi ni mo fi ìka hàn wọ́n ibi tí wọn yóò ti fọwọ́ sí i. Lóṣù Kẹta ọdún 2008, atọ́ka ọjà ìpín ìdókòwò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bí iye àwọn ṣíà lápapọ̀ ṣe ń lọ sókè tàbí sílẹ̀, kọjá 66,000. Nígbà tí ọdún fi yí po, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Báǹkì ta ṣíà náà ní owó pọ́ọ́kú, gbèsè kò tán, wọ́n sì ta ilẹ̀ kan láti fi san ìyókù. Ọdún 2023 ni atọ́ka náà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ibi tó wà, náírà ọdún 2023 kì í sì í ṣe náírà ọdún 2008, tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí N117. Lónìí atọ́ka náà ti kọjá 140,000. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà lè jókòó dúró. Ẹni tó yáwó kò lè dúró.

Lọ́sàn-án, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà pè mí nítorí dọ́là. Ìbẹ̀rù ló fi ra dọ́là lóṣù Kejì ọdún 2024 lọ́wọ́ àwọn mọ́là tó ń ṣẹ́ owó, ní iye tó lé ní N1,800. Nígbà tó di oṣù Kẹrin tí kò tó N1,200, ìbẹ̀rù náà ló fi tà á. Ó ti wá sún mọ́ N1,500 báyìí, ó sì tún fẹ́ rà. Mo bi í bóyá ó ní ohun kankan tí yóò fi dọ́là san. Ó ní rárá mà. Mo ní kí ó jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti rà á kí n tó kọ èyí tán.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fúnra wọn pè. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn rí ìwé ẹ̀rí ṣíà àtijọ́ kan nísàlẹ̀ àpótí, èyí tí wọ́n rà kí wọ́n tó yá owó rárá, ṣé ó ṣì níye lórí? Mo ní ó ṣeé ṣe kó níye lórí gan-an, pé a ó kàn gbé e lọ kí wọ́n sọ ọ́ di ti orí kọ̀ǹpútà, kí a sì bèèrè èrè tó ti kó jọ sórí rẹ̀. Inú wọn dùn, wọ́n ní ẹnì kan ládùúgbò ti ní òun máa bá àwọn ṣe é kíákíá bí àwọn bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo bẹ̀ wọ́n pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n má fọwọ́ sí nǹkan kan kí n tó dé.