Ọmọ Odó Tó Sùn Nínú Ọkọ̀

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ ta mí lólobó, bí a bá lè pe èébú ní olobó. Mo dúró nítòsí Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, kí ìyá arúgbó kan lè sọdá, ó sì kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn mi gun orí iṣu tí mo kó sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù mi. Dírẹ́bà náà yọ orí síta, ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ dúró, ṣé ojú àlá ni ká ti máa rí i ni?" Mo ti la ẹnu láti fèsì kí n tó rántí pé mi ò tíì wo iná bíréèkì mi láti ìgbà tí mo ti gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó kùn ún ní ọ̀dà.

Ọdún 1986 ni wọ́n ṣe pikọ́ọ̀pù náà, àgbà ọkọ̀ sì ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ di ọmọge. Mo tú àwọn iná ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra mi, mo sì pàṣẹ fún ọ̀gá akunkọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi irin kankan sílẹ̀ láìkùn, títí kan ojú ihò bóòtù. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, mo tún fi ọwọ́ ara mi de gbogbo rẹ̀ padà, mo sì ń rìn yí ọkọ̀ ká bí ẹni tó fẹ́ tún un gbé níyàwó.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé ọdún 22 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì, àti pé ọ̀rọ̀ bí iná ṣe ń rìn yíká nínú wáyà wà lára ohun tí mo máa ń kọ sójú pátákó títí ẹfun yóò fi tán. Báwo ni irú mi yóò ṣe wá pe ríwáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, nítorí gílóòbù méjì? Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, tí ìyàwó mi kó àwọn ọmọ lọ sí òde ìgbéyàwó, tó sì ṣèlérí pé iyán ni òun yóò gún fún wa tí òun bá dé, mo kó sípánà jáde. Nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá mi tẹ bíréèkì, mo wọ ilé ìdáná lọ gbé ọmọ odó, mo fi orí rẹ̀ kan ara bíréèkì, mo sì fi ìdí rẹ̀ ti àga dírẹ́bà, ó sì wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ló ṣe é pọ̀ mọ́ ọkọ̀.

Fíùsì kò jó. Mo pààrọ̀ gílóòbù méjèèjì, irú èyí tó ní okùn iná méjì nínú, wáàtì 21 fún bíréèkì, wáàtì 5 fún iná alẹ́, síbẹ̀ òkùnkùn ni. Mo yọ wáyà méjì tó wà lára súwíìsì òkè bíréèkì, mo so wọ́n pọ̀ tààrà, kò yí nǹkan kan padà. Mo wá ki tẹ́sítà bọ inú hódà gílóòbù, mo fi ìdí rẹ̀ kejì kan irin kan tó ti dípẹtà lábẹ́ ọkọ̀, tẹ́sítà sì tàn yòò! Iná wà níbẹ̀, gílóòbù wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé nígbàkúùgbà tí mo bá fi ọmọ odó ti bíréèkì mọ́lẹ̀, iná dáṣíbọ́ọ̀dù àti iná kékeré iwájú ni ó máa ń tàn bàìbàì, bí ẹni tó tẹ ajá nírù lẹ́yìn tí ewúrẹ́ wá ń ké níwájú.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, mo gbé ìtìjú jù síkùn, mo pe ríwáyà lórí fóònù. Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì, ó dákẹ́, ó sì ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ yẹn ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Iná ń wọlé, sà, kò rọ́nà jáde ni. Ẹ wo wáyà dúdú tí ẹ dè mọ́ ara ọkọ̀ lẹ́yìn iná, ibẹ̀ ni iná ń gbà jáde sára irin, àmọ́ orí ọ̀dà ló jókòó lé, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Ó wá ń gba ojú wáyà iná alẹ́ sá lọ síwájú. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò."

Mo ha á títí irin fi hàn. Kí n tó dìde nílẹ̀, ògiri ẹ̀yìn mi ti pọ́n bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Mo jó díẹ̀, kò sí ẹni tó rí mi, mo sì wọlé lọ wẹ̀.

Ìyàwó mi dé, ó se iṣu, ó sì wá ọmọ odó tì. Èmi náà bá a wá a, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, mo sì sọ fún un pẹ̀lú ohùn ẹni tó mọ ayé pé kó bèèrè lọ́wọ́ ìyá ilé kejì, nítorí ìyá yẹn fẹ́ràn kó máa yá nǹkan. Ó lọ bèèrè, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ ìyá nínú. Àmàlà ni a jẹ sùn.

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó dún "tí" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo ti ń ṣí iwájú rẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ní, "Bàbá Ìbejì, kí lèyí?" Gílóòbù méjì, wáàtì 42, bátìrì fóòtì 12, wákàtí mọ́kànlá: mo ti ṣe ìṣirò náà tán lọ́kàn kí n tó rí ẹni dá lóhùn. Ó yọ ọmọ odó, ó gbóòórùn gíríìsì lórí rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó gbé e wọlé.

Àwọn mẹ́rin ló bá mi ti ọkọ̀ náà kó tó gbéra. Ìyá ilé kejì ló wà níwájú wọn, ó sì ń sọ fún gbogbo wọn bí òun ṣe jí ní òru tí òun rí iná bíréèkì mi, pé ó mọ́lẹ̀ gan-an ni.